Nọ́ńbà 7 Kan Náà, Irin Ọ̀tọ̀: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Loft Igi Gọ́ọ̀fù

Ẹ gbé irin 7 méjì sórí tábìlì títẹ́jú, ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1975, ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ fi ìsàlẹ̀ orí wọn lélẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́, níbi ṣóńṣó orí irin. Ojú irin ti àtijọ́ fara tì sẹ́yìn bí ẹni tó wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, òkè ló ń wò. Ti tuntun jókòó dìde, iwájú ló ń wò. Nọ́ńbà 7 ni wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wọ̀n wọ́n, ti àtijọ́ lè jẹ́ dígírì 40, kí ti tuntun jẹ́ 28.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ojú irin yẹn ni wọ́n ń pè ní loft. Bí ọ̀pá igi bá dúró ṣánṣán, igun tó wà láàárín ọ̀pá yẹn àti ojú irin ni à ń wọ̀n, dígírì la sì fi ń kà á. Bí loft bá kéré, bọ́ọ̀lù á fò sílẹ̀, á yára, á jìnnà. Bó bá pọ̀, bọ́ọ̀lù á ga, á máa yí sẹ́yìn kíkankíkan nínú afẹ́fẹ́, á wálẹ̀ lóòró, á sì tètè dúró. Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbá gọ́ọ̀fù máa ń pe igi yìí ní áyọ́ọ̀nù; irin la ó máa pè é níhìn-ín.

Dígírì 12 ló wà láàárín irin 7 méjì yẹn. Nínú sẹ́ẹ̀tì àtijọ́, dígírì 4 ló sábà máa ń wà láàárín irin kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé loft irin 4 ayé ìgbà yẹn ló wà lára irin 7 tuntun yẹn. Kò yani lẹ́nu pé bọ́ọ̀lù ń jìnnà.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú ni pé wọ́n gbà pé òṣùwọ̀n ni nọ́ńbà ara irin. Kì í ṣe òṣùwọ̀n bíi kílò. Ó sún mọ́ kóńgò ọjà: orúkọ kan náà ni gbogbo ìsọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n ìdí kóńgò ìsọ̀ kan lè wọnú ju ti èkejì lọ, oníbàárà tí kò bá yọjú wo inú rẹ̀ kò ní í mọ̀. Nígbà tí igi hickory ṣì ni ọ̀pá, orúkọ ni irin kọ̀ọ̀kan ń jẹ́: mashie, mashie-niblick, niblick. Ìgbà tí ọ̀pá onírin dé, tí R&A (ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù láti Scotland) fọwọ́ sí i ní 1929, tí ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ta igi ní sẹ́ẹ̀tì, ni nọ́ńbà gba ipò orúkọ. Ní 1938, USGA, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé igi inú àpò ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ju 14 lọ, R&A sì tẹ̀ lé e ní 1939. Wọ́n ṣòfin lórí iye igi, wọn ò ṣòfin lórí ohun tí nọ́ńbà ara igi gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí, títí di òní. Kódà nígbà tí òfin tuntun jáde ní 2010 lórí ìlà tó wà lójú irin, igi tí loft rẹ̀ bá tó dígírì 25 ni wọ́n dá ìwọ̀n mímú etí ìlà fún. Wọn ò sọ pé irin 5 tàbí irin 6. Àwọn tó ń ṣòfin gan-an mọ̀ pé dígírì ló ṣeé gbára lé.

Ẹ jẹ́ ká to dígírì náà kí ojú lè rí i. Ní nǹkan bí 1970, sẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ máa ń lọ báyìí: irin 3 ní 24, irin 4 ní 28, irin 5 ní 32, irin 6 ní 36, irin 7 ní 40, irin 8 ní 44, irin 9 ní 48, pitching wedge (PW, igi kúkúrú tó tẹ̀ lé irin 9) ní 52. Ilé-iṣẹ́ kan lè fi dígírì kan tàbí méjì yàtọ̀ sí èkejì, ṣùgbọ́n àlàfo mẹ́rin-mẹ́rin yẹn ni ìpìlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 1990 àti díẹ̀, irin 7 ti sọ̀ sí 35 tàbí 36, PW sì ti dé 47 tàbí 48. Lónìí, ọ̀nà ti pín sí mẹ́ta. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa ń lò ṣì wà ní 34 tàbí 35 fún irin 7. Titleist T100 jẹ́ 34. Àwọn tó wà láàárín, bíi TaylorMade P790, wà ní 30 àti ààbọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún wa tó pọ̀ jù, tí orí rẹ̀ tóbi tó sì ń dárí àṣìṣe jini, ló sọ̀ jù: TaylorMade Stealth jẹ́ 28, PING G430 jẹ́ 29, Callaway Mavrik ti 2020 jẹ́ 27. PW inú sẹ́ẹ̀tì G430 yẹn jẹ́ dígírì 41. Ẹni tó gbá gọ́ọ̀fù ní 1970 ì bá pe dígírì 41 ní irin 7 tàbí 8. Òun náà ni wọ́n kọ P sí lára lónìí.

Ṣé ẹ̀tàn ni? Apá kan ọjà ni, apá kan iṣẹ́ ẹnjiníà ni. Àwọn tó ń pariwo pé ẹ̀tàn pátápátá ni ò tíì wo inú orí irin.

Apá ọjà rọrùn láti rí. Oníbàárà wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fi irin 7 tirẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá sínú àwọ̀n, ẹ̀rọ kọ yáàdì 145. Wọ́n fún un ní irin 7 tuntun, ẹ̀rọ kọ 158. Ojú rẹ̀ tàn, ó ń wá owó. Ohun tí kò sí lójú ẹ̀rọ ni pé loft ti fi dígírì 5 dín, ọ̀pá sì ti fi ìdajì íńṣì gùn sí i. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, dígírì kan tó yàtọ̀ tó nǹkan bíi yáàdì 2 sí 3. Dígírì 5 nìkan ti lè mú gbogbo yáàdì 13 yẹn wá. Bó bá mú irin 6 tirẹ̀ jáde nínú àpò, ó ṣeé ṣe kó rí 158 yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Apá ẹnjiníà ló gba àlàyé. Orí irin àtijọ́ jẹ́ irin kan gbáko, ìwúwo rẹ̀ pín káàkiri, àárín ìwúwo náà sì ga. Karsten Solheim, ẹnjiníà tó dá PING sílẹ̀ ní 1959, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ̀yìn irin ní kòtò, tí wọ́n kó ìwúwo tó kúrò níbẹ̀ lọ sí etí. Irin Eye2 tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1982 tan ọ̀nà yìí ká ayé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ojú irin fẹ́lẹ́ kó lè máa ta padà bíi sípíríǹgì, tí wọ́n jẹ́ kí inú irin mìíràn ṣófo, tí wọ́n sì fi tungsten, tó wúwo ju òjé lọ, sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Àárín ìwúwo wá bọ́ sísàlẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn.

Kí nìyẹn ń ṣe? Nígbà tí orí irin bá ń sáré bọ̀ wá bá bọ́ọ̀lù, ìwúwo tó wà lẹ́yìn máa ń fa ọ̀pá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ojú irin á sì gbójú sókè ju iye dígírì tí wọ́n kọ lọ. Bọ́ọ̀lù náà á kan ojú irin lókè àárín ìwúwo, ìyẹn náà á tún gbé e. Bí wọ́n bá wá fi dígírì 40 sílẹ̀ sára irú orí bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù á kàn fò sókè gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ á mú un, kò ní í débì kan. Ó di dandan kí wọ́n dín loft kù. Ìdí nìyí tí irin dígírì 28 òde òní fi lè gbé bọ́ọ̀lù ga tó irin àtijọ́ kan tí loft rẹ̀ fi dígírì mélòó kan jù ú lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti irin 4 ti 1970 nìyẹn: dígírì kan náà, ṣùgbọ́n irin 4 ọjọ́ yẹn gùn tó íńṣì 38, orí rẹ̀ kéré, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n gbá kò lè gbé bọ́ọ̀lù kúrò nílẹ̀. Irin 7 òní jẹ́ nǹkan bí íńṣì 37, orí rẹ̀ tóbi, bọ́ọ̀lù sì ń dìde.

Síbẹ̀, gíga ni wọ́n rí dá padà. Yíyí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn kò ṣeé dá padà tán, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Yíyí yẹn ń wá láti inú àlàfo tó wà láàárín ibi tí ojú irin kọ sí àti ibi tí orí irin ń lọ. Bí loft bá dín, àlàfo yẹn á dín, yíyí á dín. Bọ́ọ̀lù tí kò yí tó á wálẹ̀ pẹlẹbẹ, á ta lórí gíríìnì (ojú koríko kíkúrú tí ihò wà), á sì jáde lẹ́yìn. Nínú àkọsílẹ̀ TrackMan, ẹ̀rọ tó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fò, tí àwọn olùkọ́ máa ń lò, bí a bá pín in dọ́gba, àwọn ọkùnrin akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ PGA Tour ń fi irin 7 gbé bọ́ọ̀lù yáàdì 172 kó tó kanlẹ̀. Ó ń yí nǹkan bí ìgbà 7,100 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì ń wálẹ̀ ní igun dígírì 50. Àwọn obìnrin akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ LPGA ń gbé tiwọn ní yáàdì 141, igun tiwọn sì jẹ́ nǹkan bíi 47. Ẹ wo ìyẹn dáadáa: àwọn tí apá wọn yá jù lọ láyé, irin tí loft rẹ̀ pọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú dání, nítorí wọ́n mọ̀ pé ibi tí bọ́ọ̀lù dúró sí ni wọ́n ń kà.

Fún àwa yòókù, nǹkan bíi dígírì 45 ni igun ìbọ́sílẹ̀ tó ń fọkàn ẹni balẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí 38 tàbí 40, gíríìnì tó le kò ní í gbà á dúró. Ẹni tí apá rẹ̀ ò yá mọ́, bóyá nítorí ọjọ́ orí, ni irin aláìníloft ń fìyà jẹ jù, nítorí kò ní agbára tí yóò fi gbé bọ́ọ̀lù dókè tó fi lè wálẹ̀ lóòró. Yáàdì á pọ̀ sí i lójú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n yáàdì yíyí nílẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ tí pápá bá ti gan, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń lo browns, iyanrìn tí wọ́n fi epo pò dípò koríko, bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ pẹlẹbẹ á kàn gba orí rẹ̀ kọjá ni.

Nǹkan kan tún wà tó ń ṣẹlẹ̀ nínú koríko tó ga díẹ̀. Bí koríko tàbí omi bá há sáàárín ojú irin àti bọ́ọ̀lù, yíyí á tún dín sí i, bọ́ọ̀lù á sì jáde lójijì, á fi yáàdì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ibi tí ẹ fẹ́. Irin gbogbo ń ṣe é, àmọ́ irin tí yíyí rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ń ṣe é léraléra. Bí bọ́ọ̀lù bá jókòó sínú irú koríko bẹ́ẹ̀, ẹ mú irin tí nọ́ńbà rẹ̀ fi ọ̀kan ju èyí tí ẹ fẹ́ lò lọ, bíi 8 dípò 7, kí ẹ dojú kọ iwájú gíríìnì.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni ìsàlẹ̀ àpò, lọ́dọ̀ àwọn wẹ́ẹ̀jì, ìyẹn àwọn igi kúkúrú tí loft wọn pọ̀ jù. Sand wedge, èyí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù jáde nínú iyanrìn, kò bá àwọn irin yòókù sọ̀. 54 sí 56 ló ṣì wà. Ní 1970, PW jẹ́ 52, sand wedge jẹ́ 56, dígírì 4 péré ló wà láàárín wọn. Lónìí, ẹni tó ní PW 43 tó sì ní sand wedge 56 ní ihò dígírì 13 nínú àpò rẹ̀. Bí PW rẹ̀ bá ń lọ yáàdì 120, tí sand wedge ń lọ 80, kí ló fẹ́ fi gbá 100? Á fi PW gbá ìdajì, bọ́ọ̀lù á lọ sílẹ̀, á sáré. Tàbí kó fi gbogbo agbára fa sand wedge, kó sì gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn èèyàn á wá máa sọ pé ọwọ́ àwọn ò dára ní yáàdì 100. Ọwọ́ wọn dára. Igi ni kò sí.

Igi tó ń dí ihò yẹn ni wọ́n ń pè ní gap wedge, approach wedge tàbí utility wedge, wọ́n sì lè kọ G, A tàbí U sí i lára. Àwọn kan ti fi lẹ́tà sílẹ̀, dígírì ni wọ́n kọ síbẹ̀, 48 tàbí 50, èyí sì ni mo fara mọ́ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti orí PW yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí sand wedge. Bí PW bá jẹ́ 43, ẹ wá 48, lẹ́yìn náà 53, lẹ́yìn náà 58. Bí PW bá jẹ́ 46, 51 àti 56 lè tó. Dígírì 4 sí 6 ni kí àlàfo kọ̀ọ̀kan jẹ́. Gap wedge tó bá sẹ́ẹ̀tì wá dára fún gbígbá kíkún nítorí orí rẹ̀ bá ti irin yòókù mu. Èyí tó bá sún mọ́ sand wedge, tí ẹ ó fi gbá bọ́ọ̀lù láti inú iyanrìn àti ẹ̀gbẹ́ gíríìnì, ẹ rà á lọ́tọ̀.

Ìyípadà yìí tún dé ẹ̀bá gíríìnì, a kì í sì í sábà gbọ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ni láti máa ta bọ́ọ̀lù kékeré: bí ẹ bá lo PW, ìdá kan á fò, ìdá méjì á yí nílẹ̀, irin 9, ìdá kan á fò, mẹ́ta á yí, irin 8, mẹ́rin á yí. PW tí wọ́n ní lọ́kàn kì í ṣe ti dígírì 41 tàbí 43. Ká ní ihò wà ní ìṣísẹ̀ 12 síbi tí ẹ dúró, tí ẹ sì sọ bọ́ọ̀lù sí ìṣísẹ̀ 4 gẹ́gẹ́ bí ìlànà PW ṣe wí. Tó bá jẹ́ pé bí irin 9 ni PW yín ń ṣe, bọ́ọ̀lù á yí ìṣísẹ̀ 12 lẹ́yìn tó kanlẹ̀, á dúró ní 16, ìṣísẹ̀ 4 lẹ́yìn ihò. Ẹni tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí lójoojúmọ́ á rò pé ọwọ́ òun le. Gap wedge rẹ̀ ni kó fi ṣe ohun tí ìlànà ní kó fi PW ṣe.

Lókè àpò, ìṣòro náà gba ibòmíràn yọ. Loft kò lè máa lọ sílẹ̀ títí. Nígbà tí irin 7 bá ti wà ní 28, irin 5 á wà ní 21 tàbí 22, irin 4 á wà ní 19. Dígírì 2 àti ààbọ̀ sí 3 ló kù láàárín wọn, nígbà tí 5 sí 6 wà láàárín irin 9 àti PW. Wọ́n fún wọn pọ̀ lókè, wọ́n sì tú wọn ká nísàlẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tí apá rẹ̀ ò yá púpọ̀, irin 4, 5 àti nígbà mìíràn 6 á máa jábọ́ síbì kan náà, torí náà igi mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan. Tom Wishon, tó ti pẹ́ nídìí ṣíṣe igi gọ́ọ̀fù, fi ààlà kan lélẹ̀: ọ̀pọ̀ agbágọ́ọ̀fù kò lè gbá irin tí loft rẹ̀ kéré sí dígírì 24 tàbí tó gùn ju íńṣì 38 lọ. Láyé àtijọ́, irin 3 ló wà lórí ààlà yẹn. Nínú sẹ́ẹ̀tì òní, irin 6 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í fi í fi irin 3 sínú sẹ́ẹ̀tì mọ́, tí irin 4 náà ti ń pòórá.

Hybrid, igi tó wà láàárín irin àti igi olórí ńlá, ló ń rọ́pò wọn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni nọ́ńbà tún ti ń dẹ páńpẹ́. Hybrid tí wọ́n kọ 5 sí lára lè jẹ́ dígírì 25 tàbí 26. Bí irin 6 yín bá jẹ́ 25, ohun tí ẹ rà ti wà nínú àpò tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó san owó, ẹ wo loft irin tó gùn jù tí ẹ lè gbá dáadáa, kí ẹ mú hybrid tó fi dígírì 3 tàbí 4 kéré sí i. Àpò kan tí ìṣirò rẹ̀ jókòó nìyí fún ẹni tó ń lo irú irin yìí: driver (igi tó gùn jù), igi olórí ńlá 3 àti 5 (wood), hybrid méjì, irin 6 dé 9, PW 43, wẹ́ẹ̀jì 48, 53 àti 58, àti putter (èyí tí wọ́n fi ń yí bọ́ọ̀lù sí ihò). Ẹ kà á, 14 ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ loft tiyín? Ẹ ka orúkọ tó wà lẹ́yìn irin, ẹ wá a pẹ̀lú ọdún tó jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì; ilé-iṣẹ́ máa ń kọ dígírì gbogbo igi sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ kan náà tó ní ọdún púpọ̀, nítorí wọ́n lè yí loft padà láti ọdún kan sí èkejì. Ìwé nìkan kò sì tó. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, dígírì kan lè fò sọ́tùn-ún tàbí sósì láti ilé-iṣẹ́. Bí irin 8 bá fi dígírì kan lé, tí irin 9 fi kan dín, àlàfo 5 tí wọ́n kọ ti di 3. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn loft àti lie (igun tó wà láàárín ọ̀pá àti ilẹ̀), irú èyí tí àwọn tó ń tún igi gọ́ọ̀fù ṣe máa ń ní, lè wọn sẹ́ẹ̀tì kan tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Lẹ́yìn dígírì, ẹ wọn yáàdì. Ẹ mú bọ́ọ̀lù gidi tí ẹ fi ń ṣeré, nítorí bọ́ọ̀lù ibi ìdánrawò kì í jìnnà tó o. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ tutù, tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, kí ojú ibi tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ kàn lè hàn lórí ilẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó wọ̀n, kì í ṣe ibi tó yí lọ dúró sí. Irin kan, bọ́ọ̀lù 10. Ẹ yọ èyí tó burú jù lọ méjì kúrò, ẹ pín ìyókù dọ́gba, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àlàfo láàárín igi méjì bá jẹ́ yáàdì 10 sí 15, ó dára. Bó bá jẹ́ 5, ọ̀kan nínú wọn lè kúrò nínú àpò. Bó bá jẹ́ 20, ihò wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó ń wọn bọ́ọ̀lù, ẹ má wo yáàdì nìkan, ẹ bi í léèrè igun ìbọ́sílẹ̀ pẹ̀lú.

Bí àlàfo kan kò bá dọ́gba, wọ́n lè tẹ irin kí loft rẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n ohun tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ nípa irin kàn wá níhìn-ín: irin tí wọ́n rọ yàtọ̀ sí irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe. Irin rírọ tí kò le púpọ̀ gba dígírì 1 tàbí 2 láìsí wàhálà, àmọ́ nítorí pé ó rọ̀, ó lè máa yẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ń gbá orí ilẹ̀ líle lemọ́lemọ́; ó yẹ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún. Irin dídà le, ó lè kán lọ́rùn, èyí tí inú rẹ̀ ṣófo sì léwu jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán tàbí òòlù tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún rántí pé bí wọ́n bá fi dígírì kan dín loft wẹ́ẹ̀jì, dígírì kan náà ló máa kúrò lára bounce rẹ̀, ìyẹn ikùn tó wà nísàlẹ̀ orí igi tí kì í jẹ́ kó rì wọlẹ̀. Wẹ́ẹ̀jì tí ikùn rẹ̀ ti lọ á máa wa ilẹ̀ bí ọkọ́. Ó sàn kí ẹ béèrè loft tó bá yín mu kí wọ́n tó ṣe igi náà. Fún àpẹẹrẹ, PING ti ń jẹ́ kí oníbàárà yan Power Spec tó ń dín loft, tàbí Retro Spec tó ń fi kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ jù lọ, nítorí ọ̀pọ̀ àpò tòkunbọ̀ ni wọ́n kó jọ láti inú sẹ́ẹ̀tì méjì tàbí mẹ́ta. Irin 8 láti inú sẹ́ẹ̀tì ọdún 1995 lè jẹ́ 40, kí irin 9 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀tì tuntun jẹ́ 38. Irin 9 yẹn á jìnnà ju irin 8 lọ, ẹni tó rà á á sì máa wá àṣìṣe sára ọwọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ to orí gbogbo irin náà sórí ìlà kan, ẹ fi ìsàlẹ̀ wọn lélẹ̀, ẹ wò wọ́n láti ṣóńṣó bí a ṣe wò wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀. Ojú irin gbọ́dọ̀ máa fara tì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láti orí èyí tó gùn jù dé orí PW. Ibi tí méjì bá ti bára dọ́gba, tàbí tí ọ̀kan bá yí padà jókòó dìde, ojú yín á mú un kí ẹ̀rọ kankan tó dé ọ̀rọ̀. Ẹ tún wo gígùn wọn: bí ẹ bá to ọ̀pá wọn sára ògiri, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa fi nǹkan bí ìdajì íńṣì kúrú sí èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wà lórí tee (ibi tí wọ́n ti ń kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù) ihò par 3, ìyẹn ihò tó yẹ kí gbígbá mẹ́ta tó fún, tí ẹni tí ẹ jọ ń gbá bá sọ pé irin 8 lòun lò, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Irin 8 rẹ̀ lè jẹ́ 33, kí tiyín jẹ́ 39. Ẹ béèrè yáàdì lọ́wọ́ kádì, ẹni tó ń bá yín gbé àpò, kí ẹ mú igi tí ìwé yín sọ. Bí ó bá ń ṣòro láti rántí nígbà tí sẹ́ẹ̀tì ṣì jẹ́ tuntun, ẹ gé téèpù funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá lábẹ́ ìdìmú, kí ẹ fi bírò kọ dígírì àti yáàdì sí i: 28 àti 150; 33 àti 138; 38 àti 126; 43 àti 113. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lè ya téèpù náà dànù.